Ẹ Má Kọ Bíńtín Sórí Fọ́ọ̀mù Yẹn

Àǹtí mi, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, ẹ má tíì kọ nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo fi ọmú tó wà lẹ́nu ọmọ yẹn bẹ̀ yín. Mi ò tíì jókòó, mo mọ̀. Mi ò tíì kí yín, mo mọ ìyẹn náà. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi, Ọlọ́run á wò ó, ó tán, mo ti kí yín. Ẹ gbé bírò sílẹ̀.

Ọkọ yín ló pè mí láàárọ̀ yìí, tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ̀rọ̀, tó ní Ọ̀gá Kékeré ti fún àbúrò ẹ̀ lórúkọ o, pé Bíńtín ló pè é, pé òun kàn fẹ́ jẹun ni, òun á mú fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn ní aago méjì. Bíńtín! Etí ibùsùn ni mo jókòó sí, mò ń wọ bàtà, mi ò mọ ìgbà tí mo dé títì. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé bàtà kan náà nìyẹn? Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, bí mo ṣe wọkọ̀ wá nìyẹn, tí ọmọ kékeré kan ń fi ìka hàn mí fún ìyá ẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ ti rò pé mo tún gbé tèmi dé. Ṣebí èmi náà ni mo máa ń da yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ nílé yìí, èmi ni mo fi ata sínú ìpara ọkọ yín, èmi ni mo sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé tí kò bá fọ eyín, eyín á kó ẹrù jáde lálẹ́. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe é o, ó ń ṣe ara ẹ̀ ni. Láti ìjẹta ló ti ń gbọ̀n báyìí, mi ò lè di ife tíì mú láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni òtútù ń mú. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí mi. Mo ti bẹ̀rù rí, àmọ́ èyí yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó ní kí n lọ wẹ ojú.

Ta ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ má wo ojú fèrèsé, ẹ wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni yín nígbà tí wọ́n bí mi, ẹ ò jẹun fún ọjọ́ méjì torí pé wọ́n gbé ẹlòmíì lé Màmá lẹ́sẹ̀, ni Bàbá wa, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, bá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fún mi lórúkọ, pé orúkọ yòówù tẹ́ ẹ bá sọ ni òun máa kọ sílẹ̀, pé ìgbà yẹn ni màá wá di tiyín. Ẹ bá na ìka, ìka tẹ́ ẹ fi ń lá ṣúgà, ẹ fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹ ní, "Múlọ́múlọ́." Bàbá sì kọ ọ́. Bàbá tó jẹ́ pé tó bá ti ṣèlérí, ó ti ṣèlérí nìyẹn. Orúkọ mẹ́ta tó dúró dáadáa ni Ìyá Àgbà mú wá, ọ̀kankan ò dé orí ìwé nínú wọn. Múlọ́múlọ́ ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ Bàbá, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, ó parí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin ilé wa pé ọmọ tó wà níwájú ló ń sọ ẹni tó tẹ̀lé e lórúkọ. Òfin tí wọ́n dán wò lára ẹyọ ènìyàn kan! Lára èmi nìkan, torí Màmá ò bí mọ́. Ẹ̀yin wá jókòó síbí, ọmọ ọwọ́ lọ́tùn-ún, bírò lósì, ẹ fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ní kí ni? Pé ó dùn ún pè. Ó dùn ún pè, mi ò jiyàn, ó dùn ún pè fún ẹni tó ń pè é. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, orúkọ yẹn bá mi mu bí ìbọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí tí ojú ẹ̀ kì í tú ká, àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù á fà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á ki bísíkíìtì bọ àpò mi. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ á máa dàgbà, ìbọ̀sẹ̀ ò ní dàgbà.

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ti yọ, mo lọ sí ọsibítù torí inú tó ń run mí. Nọ́ọ̀sì jáde tòun ti fáìlì, ó pè mí, ó wá ń wo ìsàlẹ̀, ó ń wo àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó ń wá ọmọdé. Mo dìde. Ó gbé ojú sókè, ó gbé e sókè, ó gbé e títí, ó ní ṣé èmi ni bàbá ẹ̀. Mo ní rárá, ma, èmi gan-an ni. Ó padà wọlé lọ pe nọ́ọ̀sì kejì wá wò mí. Inú mi ń run o!

Ẹ rántí ọmọbìnrin tó ń ránṣọ, èyí tẹ́ ẹ ní ojú ẹ̀ tutù. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló gbé e lọ. Bàbá ẹ̀ béèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó ní kí n dúró ná, ó pe ìyàwó ẹ̀ láti kíṣínì, ó ní kí n tún un sọ kí òun náà gbọ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò bú mi, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n sì fún mi ní ohun mímu tútù. Ọmọbìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ń pè é wò nínú ara ẹ̀, Ìyàwó Múlọ́múlọ́, Ìyàwó Múlọ́múlọ́. Mo mu ohun mímu mi tán, mo dìde, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Torí pé tí mo bá délé, mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, gbogbo yín á sì bá mi rẹ́rìn-ín.

Mò ń bọ̀ níbi tí mò ń lọ, ẹ má kánjú mú mi. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àmọ́ ẹ ò mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ilé gíga là ń kọ́. Èmi ni mo máa ń dúró nílẹ̀ tí mo máa ń darí ẹrù tí kíréènì bá gbé. Ẹni tó ń wa kíréènì, Àwòdì là ń pè é, òkè pátápátá ló wà, nínú yàrá kótópó onígíláàsì, kò rí ẹsẹ̀ ògiri, kò rí ẹ̀yìn òpó, ojú mi ló fi ń ríran. Òfin kan wà níbẹ̀ tí fọ́máànù tó jẹ́ ọ̀gá wa kì í fi ṣeré rárá. Kí ẹrù tó gbéra, Àwòdì á pe orúkọ mi lórí rédíò ọwọ́, èmi náà á pe tiẹ̀, màá sì tún pe tèmi lé e, pé èmi nìyí, mo wà níbi báyìí. Bí wọn ò bá tíì gbọ́ orúkọ méjèèjì, ẹrù ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Rédíò yẹn, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ, àwọn tó ń tẹ irin ń gbọ́, àwọn tó ń po kọnkéré ń gbọ́, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń gbọ́. Bí ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́. "Múlọ́múlọ́, ṣé o wà níbẹ̀?" "Àwòdì, Múlọ́múlọ́ nìyí." Àwọn tó ń tẹ irin á gbà á lẹ́nu mi, wọ́n á fi ohùn ọmọ ọwọ́ dá a lóhùn. Ẹnì kan nínú wọn so ike tí ọmọ fi ń mu wàrà mọ́ akoto tí mo ń dé sórí níbi iṣẹ́. Mo dé e bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà mọ ẹ̀fẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Nǹkan tó bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá ní kí ẹnì kan dúró, kì í dúró. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gba abẹ́ ẹrù kọjá lọ́sàn-án gangan, mo ń kígbe sí i, ó ń júwọ́ sí mi, ó ní ta ni Múlọ́múlọ́ tí yóò sọ pé kí òun má kọjá. Ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́ta wà lórí ẹ̀ o! Ó ń rẹ́rìn-ín lọ lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé orúkọ yìí á pa ẹnì kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á sì wà lọ́rùn mi.

Mo bá yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo yí i padà, mi ò sọ fún yín, ẹ má fojú bú mi. Mo ra ọ̀dà pupa, mo kọ AKÍKANJÚ sára akoto mi láti etí dé etí. Mo ra ohun mímu tútù fún gbogbo wọn, mo bẹ fọ́máànù, mo bẹ Àwòdì, mo ní láti òní lọ, orúkọ tẹ́ ẹ máa pè nìyẹn lórí rédíò. Wọ́n gbà. Ọjọ́ méjìdínlógún ni mo fi jẹ́ Akíkanjú, Àǹtí mi, ẹ ò rí mi. Mò ń rìn yàtọ̀. Mò ń fi ọwọ́ sẹ́yìn. Tí mo bá ní kí ẹnì kan dúró, á dúró gbagidi bí òpó. Mo tiẹ̀ ti ń ronú pé kí n lọ kí ọmọbìnrin tó ń ránṣọ yẹn.

Ó wá di ìjẹta.

Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ti ń mú, atẹ́gùn díẹ̀ ń fẹ́. Kọnkéré pẹlẹbẹ là ń gbé lọ sókè, èyí tó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù. Àwòdì pè mí, mo dáhùn, ó ní Akíkanjú, mo ní Akíkanjú nìyí, ẹrù gbéra. Tí mo bá ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pè mí, mo máa ń gbọ́ ọ, ṣé ó yé yín? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì, èèyàn ti mọ ẹni tó wà níwájú òun. Ẹrù wá dé ibi tí èèyàn méjì tó léra wọn lórí lè nawọ́ kàn. Mo bojú wẹ̀yìn láti wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni atẹ́gùn gbá a, etí ẹ̀ kan tẹ̀ wá sílẹ̀, mi ò rí i. Mo gbọ́ ohùn Àwòdì, ó ní, "Akíkanjú, kúrò níbẹ̀."

Àǹtí mi, mo gbọ́ ọ. Ó dún ketekete ní etí mi. Ṣé ẹ mọ nǹkan tí mo ṣe? Mo ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Mo búra fún yín, kí n má rí ilé dé tí mo bá purọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń sọ nínú ara mi pé ta ni Akíkanjú òpònú yìí tí wọ́n ní kó kúrò tí kò kúrò, kí ló ń dúró dè? Ó tún pè é, ó ti ń pariwo báyìí, èmi náà ti wá ń bínú sí Akíkanjú. Òjìji kan wá bo ẹsẹ̀ mi. Mo rí òjìji yẹn. Ìkùukùu ni mo pè é.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Àwòdì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ló pòórá lẹ́nu òun, òun ò rántí orúkọ tuntun kankan mọ́, òun kàn ké ohun tó wà nínú òun ni. Ó ké, "Múlọ́!" Ẹsẹ̀ mi fò. Èmi kọ́ ni mo ní kó fò, mo ṣì ń wá Akíkanjú nígbà tí mo bá ara mi lófuurufú. Bí mo ṣe ń ṣubú sẹ́yìn ni etí kọnkéré yẹn gbá akoto kúrò lórí mi. Lórí mi níbí. Kò kan irun. Akoto yẹn lọ fi orí sọ òpó, ó là sí méjì, AKÍ lọ́tọ̀, KANJÚ lọ́tọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń wò wọ́n. Àwọn tó ń tẹ irin ju irin sílẹ̀, wọ́n sáré wá.

Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn, ó ti ń rìn yín lẹ́nu láti àárín ọ̀rọ̀. Pé ẹ ò rí i, orúkọ tí ẹ fún mi náà ló gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn gbé ara yín ga. Kí ló gbé mi dé abẹ́ ẹ̀ gan-an? Ẹ fún mi ní orúkọ tí mi ò lè gbé jáde síta, mo wá lọ wá òmíì tí ara mi ò mọ̀. Èyí tí ara mi mọ̀, ó ń tì mí lójú. Èyí tí kò tì mí lójú, ara mi ò mọ̀ ọ́n. Àárín méjèèjì ni kọnkéré yẹn gbà kọjá. Ká ní orúkọ kan tó dúró lẹ fún mi látilẹ̀, mi ò bá tí ní méjì, tí wọ́n bá sì pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo ti kúrò níbẹ̀.

Fọ́máànù gbé ìwé wá, ìwé tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní kí n sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ kú. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò mọ̀ pé ó burú létí. Mo wo Àwòdì tó ti sọ̀ kalẹ̀ wá, Àwòdì wo ilẹ̀. Mi ò mọ èwo ni kí n sọ, Àǹtí mi, mo ti di ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò mọ orúkọ mi. Fọ́máànù dúró títí, ó sú u, ó kọ "òṣìṣẹ́ kan." Òṣìṣẹ́ kan ni kọnkéré fẹ́ pa. Ó ní tí mo bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n mú ẹyọ orúkọ kan dání, ẹyọ kan ṣoṣo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n jókòó sílé.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti pe ẹnikẹ́ni ní títì, mo ti fò. Lónìí nínú ọkọ̀, obìnrin kan pe ọmọ ẹ̀ pé kó jókòó, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àga, tòun ti bàtà oríṣi méjì. Fáànù yín tó ń dún yìí, ẹ bá mi pa á. Ó ń dún bíi ṣéènì kíréènì. Ẹ ṣeun.

Irú ipò tí mo wà nìyẹn tí ọkọ yín fi pè mí láàárọ̀, tó ní Bíńtín.

Ẹ wo ọmọ yìí. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yọ jáde nísàlẹ̀ aṣọ tí wọ́n fi wé e. Bàbá ẹ̀ ní láti tẹ̀ba kó tó wọ yàrá yìí, ẹ̀yin náà ga ju ilẹ̀kùn fíríìjì lọ, ibo ni Bíńtín ti fẹ́ rí kúkúrú? Ẹ ní ó kéré. Ó kéré lónìí. Á ṣì kéré lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn èèyàn á fún un ní bísíkíìtì, ẹ̀yin náà á rò pé ẹ ṣe nǹkan gidi. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ká ní ó di awakọ̀ òfurufú. Wọ́n á ní ẹ̀yin èrò, ẹ káàárọ̀, Kápútéènì Bíńtín ló ń gbé yín lọ. Ta ló máa jókòó? Àbúrò ìyá ẹ̀ ni mí, màá sọ̀ kalẹ̀. Ká ní adájọ́ ni. Adájọ́ Bíńtín á rán adigunjalè lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún, adigunjalè á máa rẹ́rìn-ín lọ sẹ́wọ̀n. Ká ní ó dúró sí abẹ́ kíréènì bíi tèmi, tó ní kí ẹnì kan má kọjá...

Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Mò ń pa yín lẹ́rìn-ín torí pé bí mi ò bá pa yín lẹ́rìn-ín, igbe ni màá ké.

Ẹ ní tó bá dàgbà tí kò fẹ́ ẹ, kó yí i padà. Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan tí mo ń sọ láti àárọ̀ ni? Mo yí tèmi padà! Wọn ò lè bọ́ ọ bí aṣọ, Àǹtí mi, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé ara ìwé ló wà. Mo rò pé tí mo bá fi ọ̀dà bò ó, ó ti tán. Kò sí lára ìwé, inú ẹsẹ̀ èèyàn ló ń gbé. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ lónìí, tí ọmọ yìí bá ti gbọ́ ọ fún ọdún kan, ọdún méjì, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́, ì báà wu òun fúnra ẹ̀. Èmi ti kó sínú tèmi ná. Ọmọ yìí nìkan ni mo fẹ́ kó yọ.

Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Kékeré á sunkún. Kó sunkún. Tó bá sunkún lónìí, á jẹun lọ́la. Ọ̀gá Kékeré, jáde lábẹ́ tábìlì yẹn, mo ti rí ẹsẹ̀ ẹ láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò bá ẹ jà. Ìyá ẹ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò, Àǹtí mi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dán orúkọ wò báyìí, mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má pè é bí ìgbà tẹ́ ẹ ń fún un lọ́mú, gbogbo orúkọ ló dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é bí ìgbà tí nǹkan ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ fi gbogbo ọ̀fun pè é. Ẹ gbé e fún mi. Rárá, mi ò ní jẹ́ kó bọ́, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n tí méjèèjì bá jọ gbá nǹkan mọ́ra, ẹ wò ó, ó ti dúró. Màá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, màá kọ ojú ẹ̀ sí ògiri. Èmi á kọ́kọ́ pe orúkọ tí Màmá wa mú wá, èyí tó gùn yẹn, tó dúró dáadáa, tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe kún yàrá? Ẹ wo ọmọ, kò mira. Kò gbọ́. Kò dùn mí rárá, ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni, kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn gan-an ni mò ń wí. Àyè ṣì wà. Ó yá, ẹ̀yin ló kù. Ẹ pe Bíńtín yín. Ẹ ó rí i pé ẹnu ò ní gbà á...

Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ọ̀gá Kékeré, ìwọ lo pè é?

Àǹtí mi, ẹ rí i? Ẹ rí nǹkan tí ọmọ yìí ṣe?

Má pè é ná, dúró. Jẹ́ kí n tún un kọjú sí ògiri. Ó dáa. Pè é. Má pariwo, pè é bó o ṣe pè é lẹ́ẹ̀kan.

Háà. Ó yíjú. Ó fi gbogbo orí ẹ̀ yíjú, ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì le. Ó ń wá a.

Wá síbí. Wá, mi ò ní nà ẹ́. Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé? Kí ni? Sọ ọ́ kí ìyá ẹ gbọ́. "Mo ti ń sọ ọ́ fún un láti ìgbà tó ti wà nínú ikùn." Nínú ikùn. Ojoojúmọ́? Ó ní ojoojúmọ́, Àǹtí mi, ó ní tẹ́ ẹ bá ti sùn lọ́sàn-án, òun á gbé ẹnu lé ikùn yín, òun á sọ ọ́ fún un. Ẹ sì ń sùn! Odindi oṣù mélòó lẹ fi ń sùn lọ́sàn-án?

Ó ti wọlé. Ó ti wọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo sá wá pẹ̀lú bàtà oríṣi méjì, mo rò pé mo bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó ti wọlé láti ìgbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó rí ojú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Ẹ ní ẹ máa fún un ní orúkọ kejì? Àwáwí wo nìyẹn, kẹ́ ẹ fún un ní ìkejì kó lè pín sí méjì bíi tèmi? Rárá o. Ẹ mú bírò yẹn. Mo ní ẹ mú un. Ẹ kọ Bíńtín, ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ o, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kó kún ilà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi àti ọkọ yín la jọ ń lọ. Tí akọ̀wé wọn bá rẹ́rìn-ín, màá fa àga, màá jókòó síwájú ẹ̀ títí ẹ̀rín á fi tán lẹ́nu ẹ̀, á wá fi ojú tó dúró lu òǹtẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Múlọ́múlọ́ ni fọ́máànù á kọ, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín gba abẹ́ ẹrù mi kọjá, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n tún pè é nílé bàbá ẹ̀ kó gbọ́. Kí gbogbo yín nílé yìí náà gbọ́ ọ: ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ ọmọ yìí rẹ́rìn-ín, títí kan èmi, pàápàá èmi, kó má jókòó sí tábìlì yìí jẹun mọ́.

Ẹ wá gbé ọmọ yín. Ọ̀gá Kékeré, jọ̀ọ́, má pè é mọ́ fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ kí àyà mi balẹ̀. Mo ní má pè é. Mo ní má... háà! Ẹ wò ó, ó tún yíjú.